Ohùn Tó Ń Dá Mi Lóhùn Láti Bukuru

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ojú mi rí ní Bukuru nínú ọyẹ́ tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Iṣẹ́ ìṣirò ni mò ń ṣe fún àwọn dókítà kan ní Jos. Oògùn méjì là ń fi wéra, ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun: èwo ló ń mú ẹ̀mí aláìsàn gùn jù? Ẹni tó bá kú, a mọ ibi tí tirẹ̀ parí sí. Ẹni tí a ò gbúròó mọ́ ńkọ́? A ò gbọdọ̀ pè é ní òkú, a ò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ dànù. A ó kà á sí alààyè títí di ìgbà tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ìṣirò tirẹ̀ á sì dúró síbẹ̀.

Màmá Ladi wà lára àwọn tó ń lo tuntun. Wọn ò wá sí ọsibítù mọ́, àmọ́ tí mo bá pè, wọ́n á gbé fóònù. Wọ́n á ní lafiya lau, pé ara le. Wọ́n á tún béèrè orúnkún ìyá mi tó ń dùn wọ́n. Èmi náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n wà láyé.

Ọ̀gá mi ní kí n lọ fojú rí wọn. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Tudun Wada ní Jos lọ sí Bukuru. Ọ̀sán ni o, àmọ́ eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ìlú. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, mo pè wọ́n pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn Màmá nínú fóònù, mo sì tún gbọ́ ohùn kan náà láti ojú fèrèsé.

Ẹni tó ṣílẹ̀kùn kì í ṣe Màmá. Ladi, ọmọ wọn obìnrin, ni, fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Mo béèrè ìyá rẹ̀. Ó nawọ́ sí sàréè tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lábẹ́ igi gúáfà. Láti ìgbà òjò ni wọ́n ti kú!

Kí ló dé tó fi ń ṣe bí ẹni pé òun ni ìyá òun? Ó wolẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń béèrè wọn. Tí mo bá sọ pé wọ́n ti kú, ẹ ò ní pè mọ́."

Omi bọ́ lójú mi. Mo wá bi í pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ orúnkún ìyá mi fún un, torí ìyá rẹ̀ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó yọ fóònù kúrò létí.

"Orúnkún wo?"

Orí mi wú. Ó búra pé òun ò béèrè orúnkún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí mo padà, mo ròyìn fún ọ̀gá mi. Wọ́n ní kì í ṣe ilé Màmá nìkan ló yẹ ká lọ wò. Gbogbo ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan la ti ń gbúròó rẹ̀, lórí oògùn méjèèjì, ká lọ wò ó nílé. Àwọn mìíràn ti kú lóòótọ́, àwọn tó ń lo tuntun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àǹfààní tí a rò pé oògùn tuntun fi ta yọ ti tẹ́lẹ̀, tí inú wa ń dùn sí, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ìṣirò. A sì ti ń múra láti ní kí gbogbo aláìsàn fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ohùn kì í ṣe ojú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ yín lógún, ẹ lọ wò ó. Ladi ti yọ síìmù ìyá rẹ̀, ó ní òun ti jù ú nù. Nọ́ńbà náà ṣì wà lórí fóònù mi. Mi ò tíì láyà láti pè é wò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń dá yín lóhùn tí ojú yín ò tíì kàn láti ìgbà pípẹ́? Ẹ bá mi sọ tiyín.