Aago Ọwọ́ Pírífẹ́ẹ̀tì Alágogo

Ẹ bá mi kí aago ọwọ́. Kí ẹ tó kí ọba, kí ẹ tó kí ìjòyè, ẹ kọ́kọ́ kí aago olókùn awọ dúdú tó ń dán lọ́rùn ọwọ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́nu géètì ilé ìwé wa ní Bódìjà, ní àárọ̀ tí òórùn pákó tútù bá ń fẹ́ wá láti ọjà pákó, tó ń bá òórùn sítáàṣì ara yunifọ́ọ̀mù wa du imú. Ní ilé ìwé àwọn obìnrin tí mo lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ de aago àfi pírífẹ́ẹ̀tì. Yẹtí kò sí, ẹ̀gbà ọrùn kò sí, gbogbo wa gé irun mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ kan pé ó ti di pírífẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ náà ni ọwọ́ òsì rẹ̀ joyè. Ọwọ́ ọ̀tún á máa ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì á máa gbafẹ́. Mo mọ ọ̀kan tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń pe ènìyàn, ó fi ń júwe ọ̀nà, ó fi ń kí àwọn òbí tó wá bẹ̀ wá wò, bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá ni, ilé ire ló sì ti wá.

Ọ̀gá àgbà wa, obìnrin gíga kan tó kàwé dé òkè òkun tí kò sì jẹ́ ká gbàgbé, fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kan ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ: aṣíwájú. Gbogbo wa la jẹ́ aṣíwájú ọ̀la. Bí a bá ń gbálẹ̀, ìwà aṣíwájú là ń kọ́. Bí kòkòrò bá wà nínú ẹ̀wà tí a sì jẹ ẹ́ láìráhùn, ìwà aṣíwájú ni. Èmi a máa wo ogunlọ́gọ̀ wa lórí ìlà láàárọ̀, n ó máa rò ó pé bí gbogbo wa bá di aṣíwájú tán, ta ló kù tí yóò tẹ̀ lé wa.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹta ni àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà gbàjọba, tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú máa tò sórí ìlà. Ní Dùgbẹ̀, bí àgbàlagbà bá yà kúrò lórí ìlà ọkọ̀, wọn á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níṣojú ọmọ tó bí. Afẹ́fẹ́ yẹn fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Pírífẹ́ẹ̀tì tó wà nídìí agogo lọ́dún náà, ọmọ kíláàsì karùn-ún kan tó ń gbé ní ilé ìbùgbé nínú ọgbà, gbà tọkàntọkàn pé òun gan-an ni ìjọba fiṣẹ́ rán. Aago méje ààbọ̀ ló yẹ kó lu agogo. Bó bá ti lù ú tán, yóò ní kí bàbá aṣọ́géètì ti géètì, yóò sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wà níta. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní sáà kan, ilé ló ń lọ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ń ti Apẹ̀tẹ̀ wá. Òkè-Ògùn ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, onítẹ̀bọmi ni wọ́n, iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Bàbá yìí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tí ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé púpọ̀ ṣe. Ó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé, "Ọjọ́ tí wọ́n bá lé ọ wálé, o ti kàwé tán nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ àǹtí rẹ ń bẹ ní Mọ́kọ́lá." Wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní sáà náà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò ìgbéga sí kíláàsì kẹrin yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ orúkọ kan péré ló kù kó di aránṣọ.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọmọ yìí kì í pẹ́. Rédíò bàbá rẹ̀ kò tíì ní parí ìròyìn aago mẹ́fà tí yóò fi wà lójú títì. Ọkọ̀ kan dé Ṣàngó, òmíràn dé Bódìjà, ó ti wà lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ mìíràn, a ó dé tí a ó ṣeré títí tí oòrùn á fi mú, agogo kò ní dún. Lọ́jọ́ kejì, àsìkò kan náà la ó dé, agogo á ti dún tán. Ara wa là ń bá wí. A kò ní aago, kí la fẹ́ fi bá aago jiyàn?

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdánwò náà, èmi tí mò ń bọ̀ láti Agbowó pàdé rẹ̀ ní ìdíkọ̀, a jọ rìn kíákíá. Ó kù díẹ̀ ká dé nígbà tí agogo dún. A sáré, géètì tì mọ́ wa lójú. Àwa mẹ́tàdínlógún la wà níta. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ pupa náà rọ̀ bí ẹ̀kọ.

"Ẹ kúnlẹ̀!" Pírífẹ́ẹ̀tì alágogo jáde sí wa, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó wò ó, ó mi orí. "Ẹ ò tijú. Ìran a-pẹ́-lẹ́yìn!"

A kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò pariwo, omijé kàn ń ṣàn ni. Ó ní, "Ó parí." Pírífẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ láti apá ọ̀tún, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá aṣọ́géètì ní rédíò kékeré kan tó fi rọ́bà dè, tó máa ń gbé sórí fèrèsé yàrá rẹ̀. Bó ṣe ku ẹni mẹ́ta kí pírífẹ́ẹ̀tì kàn wá, rédíò náà han pí, pí, pí, píìì. Ọkùnrin kan sì fi ohùn tó tutù sọ pé, "Aago méje ààbọ̀ ló lù yẹn. Ìkéde ìsìnkú ló kàn."

Orúnkún mi ló kọ́kọ́ dìde, èmi wá tẹ̀ lé e.

"Síńíọ̀, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló wà lọ́wọ́ yín?"

"Ta ni ìwọ? Kúnlẹ̀ jàre!"

"Rédíò ní aago méje ààbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Agogo yín sì ti dún tipẹ́."

"Ṣé rédíò ni pírífẹ́ẹ̀tì ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó sì tètè gbé ẹ̀rín náà mì. Mo ní, "Ẹ fi aago yín hàn wá, ká lè mọ̀." Ọwọ́ tó ti ń jẹ́ kí gbogbo ayé rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ó yára fi í pamọ́ sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo kọjú sí àwọn tó kúnlẹ̀. "Ẹ dìde. A ò pẹ́. A ò ní kúnlẹ̀ fún ohun tí a ò ṣe."

Ọmọ kíláàsì kìíní kan gbójú sókè. "Àǹtí, ṣé wọn ò ní nà wá?"

"Wọ́n á nà wá. Dìde, kí wọ́n nà ọ́ lórí ìdúró."

Ó dìde. Ẹlòmíràn dìde. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ orúnkún kálukú, títí tó fi ku ọ̀rẹ́ mi nìkan. Mo fà á dìde. Bí ọkọ̀ ọ̀gá àgbà ṣe yọ nìyẹn, tó bá wa lórí ìdúró bí àwọn tó fẹ́ gbàjọba.

Pírífẹ́ẹ̀tì fi òyìnbó ro ẹjọ́, mo fi Yorùbá ro tèmi. Ọ̀gá àgbà yíjú sí bàbá aṣọ́géètì. "Bàbá, aago mélòó ni rédíò yín sọ?"

Bàbá ti pa rédíò náà. "Bátìrì ti kú, mà."

Mo rò pé a gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà kò wo ojú bàbá mọ́. Ó di ọwọ́ òsì pírífẹ́ẹ̀tì mú, ó gbé e sí etí bí dókítà, ó sì fetí sílẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti kú?"

"Láti ọdún Àjíǹde, mà."

"Kí lo wá ń wò tí o fi ń lu agogo?"

"Bí mo bá ti jẹun àárọ̀ tán, mà."

Ohun tó ń ṣe wá nìyẹn láti oṣù wọ̀nyí. Lọ́jọ́ búrẹ́dì, tí oúnjẹ kì í pẹ́ tán, àwa la máa ń pẹ́. Lọ́jọ́ ẹ̀wà, tó ní láti ṣa kòkòrò, gbogbo wa di ọmọ gidi. Ọ̀gá àgbà gba ìwé orúkọ, ó fa ojú ewé náà ya. Ọ̀rẹ́ mi mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wá kọjú sí mi.

"Ìwọ. Kí lo pe ara rẹ?"

"Aṣíwájú, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìgbéraga nìyẹn, kì í ṣe ìwà aṣíwájú. Bẹ síńíọ̀ rẹ."

"N ò ṣẹ̀ wọ́n, mà."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni wàá fi gé koríko. Bẹ̀ ẹ́."

"N ó gé koríko náà, mà."

Ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ márùn-ún. Koríko ẹ̀yìn ilé sáyẹ́ǹsì ga dé ìbàdí mi, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí bíríkì, ó ń ka ìwé sókè kí èmi náà lè gbọ́, bí mo ṣe ń bẹ́ koríko ni mò ń dáhùn ìbéèrè. Àwa méjèèjì la yege. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí èsì náà, ó kan tábìlì ìkàwé kan fún un. Láti ọjọ́ náà, rédíò bàbá aṣọ́géètì ni wọ́n fi ń lu agogo. Pírífẹ́ẹ̀tì kò bọ́ aago rẹ̀ títí tó fi kàwé jáde.

Títí dòní, n kò tọrọ àforíjì fún dídìde yẹn. Bó bá tún di òwúrọ̀ ọjọ́ náà, n ó tún dìde. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé kì í ṣe òtítọ́ nìkan ló dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà. Kí ènìyàn mẹ́rìndínlógún dìde torí pé o ní kí wọ́n dìde dùn púpọ̀, adùn náà kò sì jìnnà sí ti ẹni tó ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ìyẹn nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ìwà aṣíwájú tí a kọ́.

Nígbà tí a dé kíláàsì karùn-ún, ọ̀gá àgbà fi mí ṣe pírífẹ́ẹ̀tì alágogo. Ó ní èmi ni mo mọ iyì àsìkò. Bàbá aṣọ́géètì ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó gbé rédíò rẹ̀ lọ sílé. Bàbá mi ra aago fún mi ní Dùgbẹ̀. Ó dára lọ́wọ́ mi, kí n má tan yín. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, omi wọ inú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń kọ orúkọ lẹ́nu géètì, ọ̀rẹ́ mi yẹn dúró tì mí, ó wo ọwọ́ mi títí, ó wá rọra bi mí pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti kú, mo sì mọ̀.