Kápúsù Bàbá Mi

Ìgbájú bàbá mi ló ká eyín iwájú kan kúrò lẹ́nu ìyá mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Ìyá Akáyín nínú ilé wa l'Óṣogbo, níṣojú àlejò. Bí a bá ń jẹun, yóò ju egungun sínú abọ́ ìyá mi, yóò ní, "Jẹ ẹ́, ká rí i." Yóò wá bú sẹ́rìn-ín. Mo kórìíra ẹ̀rín náà.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, oge kò sì tán lára rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú, tí eyín iwájú tirẹ̀ náà fò yọ, ilé kò gbà á mọ́. Ó lọ bá dókítà eyín kan tó ti òkè òkun dé sí Èkó. Dókítà de irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní bí eegun bá ti dì í mú dáadáa, òun yóò gbé eyín tuntun lé e lórí. Ó fún un ní kápúsù tí kò ní jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kó lò ó tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin náà yóò yọ.

Bàbá mi kì í fọwọ́ ara rẹ̀ mú oògùn. Ìyá mi ló ń kúnlẹ̀ kó o lé e lọ́wọ́, tòun ti omi.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àìsàn wọ àárín àwọn adìyẹ ìyá mi, kápúsù sì ni gbogbo àdúgbò ń tú sómi adìyẹ. Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń da lẹ́búlẹ́bú inú kápúsù bàbá mi sínú omi adìyẹ, ó sì ń rọ láfún sínú èèpo rẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni; èdè ilé wọn ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu bí inú bá ń bí i.

"Adìyẹ inú ulé mi wúlò jù ú lọ," ló wí.

Mo jókòó tì í, mo bá a dì í.

Adìyẹ yè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi wú, ẹnu rẹ̀ ń rùn, ó ń ké bí ewúrẹ́. Ó ní ayédèrú ni kápúsù náà. Òótọ́ ló sọ, ilé ìdáná wa la ti ṣe é. Nígbà tó padà dé Èkó, ọwọ́ lásán ni dókítà fi fa irin náà yọ, ó ní eegun ibẹ̀ ti jẹrà, kò lè gba òmíràn mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, ìyá mi pa ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ náà. Ó kúnlẹ̀, ó gbé egungun itan sínú abọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ ẹ́, ká rí i," ló wí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bàbá mi gan-an ló jáde lẹ́nu mi.