Ìdin Obì Tó Pa Adìẹ Tísà

Wọ́n ní Kúbúrátù olóbì ló fún adìẹ Tísà Matilda ní májèlé jẹ nítorí ìjà ààlà ilẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri Ìjẹ̀bú-Òde tilẹ̀ ń búra sí i. Irọ́ ni o! Ìjà ààlà wà lóòótọ́, a ò ní torí pé a fẹ́ràn ènìyàn ká purọ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹnu ni Kúbúrátù fi ń jà, kì í fi ọwọ́ jà. Ohun tó pa adìẹ wọ̀nyẹn, òun gan-an ló wádìí rẹ̀, òun náà ló sì jìyà rẹ̀ jù.

Lọ́dún tí ìjọba pààrọ̀ owó bébà ni ìdin kọlu obì. Gbàǹja tí Kúbúrátù ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìbẹ̀fun, bó bá bó mẹ́wàá, mẹ́rin á ti lu. Ibi tó ti ń ronú ni Wàhábì, ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ta oògùn kòkó, ti gbé ìgò dúdú kan dé. Bébà ara ìgò náà ti ya.

"Ìyá, ẹ da ìdérí kan sómi, kí ẹ rẹ obì sí i. Ìdin ò ní ṣẹ́ kù."

"Tí ìdin bá kú tán, kí ni oògùn náà á wá dà?"

"Á fò lọ."

"Á fò lọ síbo?"

Wàhábì rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀yin náà! Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ."

"Ohun tó bá fò, ibì kan ló máa bà sí, Wàhábì."

Ara fu ú, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ ló wà nílẹ̀, gbogbo òwò ọdún yẹn pátá, ọkọ̀ Òkè Ọya ò sì ní pẹ́ dé. Ó rẹ obì náà.

Bí olóbì bá ń ṣa obì, adìẹ àdúgbò kì í jìnnà. Ìdin tó bá já bọ́, tiwọn ni. Lọ́jọ́ yẹn ìdin ń dà sílẹ̀ bí ìrẹsì, adìẹ Tísà sì rékọjá ààlà wá, wọ́n jẹ, wọ́n yó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, mẹ́rin ti na ẹsẹ̀ sókè. Ẹyọ kan tí Kúbúrátù ní ń sàba nínú ilé, kò jẹ níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

"Mẹ́rin tèmi kú, tìrẹ ń sàba!" Tísà ń pariwo lórí ààlà. "Ṣé àwọn adìẹ mi ló sún òpó ilẹ̀ ni?"

"Tísà, ẹ gbọ́ mi ná..."

"Mi ò gbọ́!"

Kúbúrátù wọlé. Ó jókòó ti obì rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò sọ ibi tó ti wá. Ìdin mu oògùn, ó kú. Adìẹ jẹ ìdin, ó kú. Ẹni tó máa jẹ obì tí ìdin náà kú sí ńkọ́?

Ó ra àkùkọ mẹ́ta. Ó so ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó fún un ní ìdin tó ṣẹ́ kù. Kò rí ìrun alásárì. Ó fọ obì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣa ìdin inú rẹ̀ fún èkejì. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Ó wá fi ewé di obì fún ọjọ́ mẹ́jọ, kí oògùn lè fò lọ bí Wàhábì ṣe wí, kó tó ṣa ìdin ibẹ̀ fún ẹ̀kẹta. Ìyẹn lo ọjọ́ mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ ń yí, kó tó kú.

Ibi tó da omi obì sí nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ekòló jáde, wọ́n kú jọ síbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sọ́dọ̀ kànga Tísà.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọn omi yẹn mọ́."

"Háà! Ó ti kan kànga báyìí? Ṣé ìyẹn náà ti di tìrẹ?"

Kúbúrátù fi ekòló hàn án. Tísà ò tọrọ àforíjì o, ṣùgbọ́n ó gbé ìdérí lé kànga.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, Wàhábì wá ràn án lọ́wọ́ ẹrù. "Ìyá, ta ló ń jẹ ìdin? Obì ni wọ́n ń jẹ. Àwọn tó máa jẹ ẹ́ sì jìnnà."

Kúbúrátù na awẹ́ kan sí i. "Ó dáa, jẹ ẹ́."

Wàhábì wo obì, ó wo ilẹ̀. "Ààwẹ̀ ni mò ń gbà."

"Ààwẹ̀ kẹ̀! Mọ́ínmọ́ín tí o jẹ lẹ́nu ọ̀nà níṣìnyí, sàárì ni?"

Awakọ̀ fọn fèrè títí ó sú u. Ó lọ, kò gbé apẹ̀rẹ̀ kankan. Kúbúrátù fẹ́ sun obì náà, ó rántí èéfín. Ó fẹ́ rì í mọ́lẹ̀, ó rántí kànga. Ó fẹ́ dà á sódò, ó rántí àwọn apẹja. Ó kó gbogbo rẹ̀ sí yàrá, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Kò ta obì mọ́. Ìkòkò ló ń tà títí di ìsinsìnyí.

Nígbà tí mo lọ kí i gbẹ̀yìn, mo bi í ìgbà tó máa kó ẹrù yẹn kúrò nílé. Ó fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ wò, ó ní: "Bí mo bá kú, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú kọ́kọ́rọ́ yìí kẹ́ ẹ tó wẹ̀ mí. Mo mọ àwọn ará ilé mi. Wọ́n á ti kó obì yẹn fún àlejò kí wọ́n tó sin mí tán."