Ọ̀pá Ojú Irin Inísà

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní bá yín jà. Èmi gan-an, ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún mi ni, mi ò bá ti bi í léèrè ohun tó mu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun ọ̀kadà láti Ìkìrun, mo ń lọ sílé wa ní Inísà. Oòrùn ti ń wọ̀. Bí a ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti dábùú irin rélùwéè, ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Koríko ti bo irin náà. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹ níbẹ̀ kúrò lójú irin, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Mo ní, "Kí la ń dúró dè?"

"Ó ń kọjá ni, dádì."

"Kí ló ń kọjá? Èèrà?"

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni òórùn kan gba imú mi: gírísì àti irin gbígbóná. Mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn nígbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀pá gígùn kan wà níbẹ̀ nígbà náà, ọ̀dà pupa àti funfun ni wọ́n fi kùn ún. Bàbá Onígéètì ló ń ṣọ́ ọ. Ọkùnrin tó ń jókòó ti tẹlifóònù ní téṣàn Òkúkù á pè wọ́n pé ọkọ̀ ojú irin ti ń bọ̀. Bàbá á gbé ọ̀pá náà sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ayé á sì dúró, títí kan mọ́tò ọba.

Nígbà tó yá, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ìjọba ológun gbé àtúnṣe kan dé tí gbogbo wa ń pè ní Sáàpù. Wọ́n ní ká fún ìgbànú wa pọ̀. Okùn ni mo fi ń di ṣòkòtò tèmi, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí, àfìgbà tí búrẹ́dì sá kúrò nílé wa. Wọ́n dá ọkùnrin tẹlifóònù dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n dá Bàbá Onígéètì náà dúró. Ọkọ̀ wá ń wá nígbà tó bá wù ú, kò sì sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Bàbá ò jókòó sílé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wọ kakí wọn tó ti ṣá, wọ́n á gbé ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ iwin lẹ ń ti ọ̀nà fún ni?"

Wọ́n á dáhùn pé, "Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi mọ́ bó bá ń bọ̀. Bí mi ò bá tì í, tó pa ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

Ìyá mi, tí wọ́n ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ á dúró fún wọn jàre. Ohun tó ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́ nìyí." Ló bá dàṣà. Ọlọ́jà, oníkẹ̀kẹ́, lèmọ́mù, gbogbo wọn á dúró wo irin tó ṣófo. Orí wọn á máa yí díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà Òkúkù sí ọ̀nà Ìkìrun, lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá kú. Àwọn tó ń ra irin àlòkù hú ọ̀pá náà lọ. Ìjọba tó ní ká fún ìgbànú ti lọ, òmíràn ti gbé àtúnṣe tiwọn dé. Kò tíì sí èyí tó ní ká tú u. Ìdúró yẹn ló kù. Ọmọ ìlú Eko Ẹndẹ ni ọlọ́kadà mi, wọn ò tíì bí i nígbà tí Bàbá kú.

"Ó ti lọ," ló wí, ó ta ọ̀kadà rẹ̀ jí. Ewúrẹ́ padà sídìí koríko rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fẹsẹ̀ rìn padà síbẹ̀ kí n lè fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Koríko dúró ṣánṣán, ìrì ṣì wà lórí rẹ̀, nǹkan kan ò tẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbẹ́sẹ̀ kí n kọjá.

Ọwọ́ kékeré kan fa aṣọ mi lẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan ni, nínú aṣọ iléèwé. Kì í ṣe èmi ló ń wò.

"Ẹ dúró, sà," ló wí. "Bàbá yẹn ò tíì gbé ọ̀pá sókè."

Mo dá ẹsẹ̀ mi padà. Mo dúró.