Ìgbálẹ̀ Zùwáírátù Lórí Koríko

"Ààlọ́ rèé o, ẹ̀yin ọmọ!"
"Kó máa bọ̀, Ìyá Àgbà!"

Ó balẹ̀ gbì sí Bódìjà, lọ́dọ̀ Alhaja Zùwáírátù. Koríko iwájú ilé rẹ̀ gbẹ furúfurú. Ti Fúnlọ́lá, aládùúgbò rẹ̀, tutù yọ̀yọ̀. Alhaja ń jowú. Bó bá kírun àárọ̀ tán, á gbá koríko náà bí ẹni tó ń gbá àgbàlá, kó lè mọ́ ju ti Fúnlọ́lá lọ.

Owú sún un dé ìdí ògiri tó pààlà ilé wọn, ó bi Fúnlọ́lá pé: "Oògùn wo lẹ fi sí tiyín?"

Fúnlọ́lá rẹ́rìn-ín. "Omi lásán ni, Alhaja. Ìgbálẹ̀ yín ló ń hú tiyín. Ẹ jẹ́ ó sinmi."

Ó jẹ́ ó sinmi, ó ń bomi rin ín, koríko sì hù. Síbẹ̀, ó ń yọjú wo ti Fúnlọ́lá.

Ó yá, kálukú sórí ẹní rẹ̀. Ẹ má wo ti ẹnìkejì o!