Kòtò Òṣùpá tí Fáwàsì Fi Símẹ́ǹtì Mọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òṣùpá, ọ̀dọ̀ mi ní àdúgbò Komah, ní Sokodé, ni kó wá. Tíṣà kankan kò kọ́ mi. Mo ti wò ó títí débi pé òun ló ń kọ́kọ́ kí mi báyìí.

Bí kì í bá ṣe èmi, oko ni Fáwàsì ì bá wà lónìí. Ọmọ Ádámù tó ń gbin iṣu ní Kambolé ni. Àdúgbò mi ní Sokodé ló ti kọ́ iṣẹ́ rírẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọ́n, bàbá rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ wá kọ ebè. Ìgbà yẹn ni Àlájà Sárà, tó ní iléèwé ní Tchamba, gbé fótò kòtò ńlá kan pẹ̀lú àwọn kéékèèké lójú òṣùpá fún un.

"Fi símẹ́ǹtì ṣe é. Tó bá dára, gbogbo ògiri iléèwé mi di tìrẹ. Tí kò bá dára, ó dàbọ̀."

Nígbà tí mo rí òkìtì símẹ́ǹtì tó mọ, ẹ̀rín pa mí.

"Fáwàsì, ta ló fẹ́ gbin iṣu sínú òṣùpá?"

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ebè ni mo rí nínú fótò."

"Ojú ọmọ àgbẹ̀! Orí fótò lo gbé sísàlẹ̀, òjìji wá tàn ẹ́ jẹ." Mo yí fótò náà padà. Gbogbo ebè rì, wọ́n di kòtò. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Mo wá ròyìn bí kòtò náà ṣe ṣẹlẹ̀ fún un bí ẹni pé ìṣojú mi ni: òkúta ńlá já láti òfurufú láìdún, ilẹ̀ fò bí omi. Etí kòtò dìde, ògiri inú rẹ̀ ya wálẹ̀ ní ìpele-ìpele, ìsàlẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè kan yọ láàárín. Èyí tó fọ́n jáde fa ìlà funfun káàkiri, ó sì gbẹ́ kòtò wẹ́wẹ́ lókèèrè.

Fáwàsì po símẹ́ǹtì míì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ju òkúta lù ú. Etí dìde, símẹ́ǹtì ta dé irùngbọ̀n mi. Òkè àárín nìkan ni kò yọ. Ó fọwọ́ mọ ọ́n.

Nígbà tó gbẹ, Àlájà dé nírọ̀lẹ́. Òjìji rọra ń kún kòtò náà bí omi inú igbá, títí tó fi ku góńgó òkè yẹn nìkan tó ń tàn. Ó ṣe mí bíi pé mo wà lójú òṣùpá, pé bí mo bá gbẹ́sẹ̀, n kò ní balẹ̀ mọ́. Àlájà fi ìka tọ etí kòtò yí ká, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ tó sùn lórí.

"Ṣé èèyàn ń gbé níbẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan, Àlájà," ni Fáwàsì wí.

"Àwọn ọmọ iléèwé mi á máa lọ síbẹ̀. Ògiri wo lo máa kọ́kọ́ rẹ́?"

Fáwàsì ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi òkè náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni mo dá a lóhùn: "Èyí tó kọjú sí ọjà, Àlájà, kí gbogbo Tchamba lè rí i."