Ògiri Tí Kò Ṣe Àmín

Ìgbà tí Sìmbíátù gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀sán gangan ni, ó ń yan gàrí níwájú ilé tuntun tí wọn kò tíì kó wọ̀ lọ́nà Awo. Bàbá, ọkọ rẹ̀, wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń fi ìka kan ògiri bí wọ́n ṣe máa ń kàn án lójoojúmọ́. Wọ́n pè é: "Sìmbíátù, wá gbọ́ èyí." Ó dáhùn pé, "Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n ro gàrí, kó má jóná." Nígbà tó fi ro gàrí tó nu ọwọ́ tán, Bàbá ti jókòó sílẹ̀, wọ́n fi etí ti ògiri bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ìka wọn ṣì ká, bí wọ́n ṣe ń ká a tí wọ́n bá fẹ́ kan nǹkan. Ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e pé òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Àmọ́ bí àwọn ará Ẹdẹ bá dárúkọ Bùràímọ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Kàn-án-gbọ́, ti ọjọ́ ìṣílé ni wọ́n ń sọ. Ẹbí ti pé, àdúà ti wọra. Àáfà ní, "Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ilé yìí wó lé onílé lórí." Àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lanu láti dáhùn ni Bàbá nawọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná! Ẹ má tíì ṣe àmín!"

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn." Wọ́n súnmọ́ ògiri, wọ́n fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Pòkò, pòkò, pòkò. Pòkò, pòkò. Wọ́n yíjú sí àáfà. "Ṣé ẹ gbọ́? Kò ṣe àmín."

Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu àwọn èèyàn tí èépá sìmẹ́ńtì kan tó tóbi tó ọpọ́n fi ṣí lókè fèrèsé, tó sì balẹ̀ gbàà lẹ́yìn láwàní àáfà. Etí títì ni wọ́n ti parí àdúà náà.

Ìkòkò amọ̀ ni Bàbá fi ogójì ọdún tà. Ìkòkò tó bá ti sán nínú lè máa dán lóde bí ìpàkọ́ ọmọ tuntun, àmọ́ bí wọ́n bá ti kàn án, á jẹ́wọ́. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí Bàbá kì í kàn mọ́. Wọ́n ń kan àgbọn, wọ́n ń kan búrẹ́dì, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mọ́tò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí Najeem wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Kafilat ọmọ wọn, Bàbá dìde, wọ́n kan ọmọkùnrin náà láyà, wọ́n sì tẹ́tí.

Najeem ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Ọkàn wà níbẹ̀," Bàbá ní. "Ó ń sáré, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Ẹ lọ mú ọjọ́ ìtọrọ wá."

Ojú ti Sìmbíátù débi pé inú yàrá ló ti lọ rẹ́rìn-ín.

Àtàndá bíríkìlà ló fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé náà, inú oṣù ààwẹ̀ ló sì rẹ́ ẹ, nígbà tí oòrùn ń ta bí ata. Kò sí bíríkìlà tí kò mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fún búlọ́ọ̀kù lómi mu kí ó tó rẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ kejì ìṣílé, Bàbá ránṣẹ́ pè é.

"Àtàndá, ǹjẹ́ o bu omi sí ògiri yìí lára?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ààwẹ̀ ni."

"Ìwọ lò ń gba ààwẹ̀. Ta ló ní kí o jí ògiri ní sààrì?"

"Bàbá, òùngbẹ ni o. Bí mo bá ń da omi tútù sílẹ̀ báyẹn lójú ara mi, ẹ̀ẹ̀kan ni n ó gbé garawa sẹ́nu."

"Òùngbẹ gbẹ ìwọ, òùngbẹ gbẹ ògiri. Ìwọ rí ìṣínu jẹ. Òun ńkọ́? Omi inú sìmẹ́ńtì ló fà mu, ni sìmẹ́ńtì bá gbẹ kó tó dì í mú. Ògiri àti ohun tí o fi rẹ́ ẹ kò rẹ́. Mo ní kí o rẹ́ ilé mi, ìwọ rẹ́ mi jẹ!"

Àdúgbò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Bàbá. Bí Àtàndá bá ń kọjá lórí ọ̀kadà, wọ́n á ké sí i pé, "Àtàndá, ṣé wàá rẹ́ ẹ àbí wàá rẹ́ ẹ jẹ?"

Àtàndá ní òun á kun ilé ní ọ̀dà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bàbá ní àtíkè ni ó fẹ́ fi bo egbò. Wọ́n kọ̀ láti pe bíríkìlà mìíràn. Wọ́n ní ọwọ́ Àtàndá kan náà ló máa tún un ṣe, àwọn ò sì ní kó wọlé títí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi dáhùn bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dun Sìmbíátù. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti wà nínú yàrá kan ṣoṣo ní agbo ilé ọkọ rẹ̀, tó ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Ó ti mọ ibi tí òun máa gbé omi sí nínú ilé tuntun.

"Bàbá Kafilat, ẹ jẹ́ ká kó wọlé, ká máa bá Àtàndá jà láti inú."

"Ṣé inú ìkòkò tó sán ni kí n gbé ọ sí, Sìmbíátù?"

Oṣù mẹ́jọ ni Àtàndá fi ń sọ pé ọ̀la lòun ń bọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni Bàbá fi ń kan ògiri, tí wọ́n ń fi èédú sàmì síbi gbogbo tó ṣófo. Ìgbà náà ni ọ̀sán tí mo sọ lókè dé.

Ọjọ́ kejì fídáù Bàbá, Sìmbíátù lọ kó agbada gàrí rẹ̀ nílé tuntun. Kò sí atẹ́gùn. Àwọn adìyẹ tó máa ń jẹ̀ níbẹ̀ ti lọ dúró lódìkejì títì, gbogbo wọn kọjú sí ilé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé agbada ni ó gbọ́ ọ. Pòkò, pòkò, pòkò. Ìdákẹ́jẹ́. Pòkò, pòkò.

Ó yí ilé po. Kò rí èèyàn, kò rí aláǹgbá. Ó fi ọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn, ògiri náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Inú lọ́hùn-ún ni ìró náà ti wá.

Ó sọ fún Tíṣà Olúmúyìwá, aládùúgbò wọn, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì.

"Ìyá Kafilat, oòrùn ni," Tíṣà ní. "Oòrùn ló ń mú sìmẹ́ńtì tó ṣófo wú, tó ń dún."

"Tíṣà, ṣé oòrùn mọ ẹ̀ẹ̀mẹta yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì ni?"

Tíṣà gbé àga wá, ó jókòó ti ògiri. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ògiri kàn lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́, ó kàn lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò rí i? Oòrùn." Ni ìkùukùu bá bo oòrùn, gbogbo àgbàlá ṣú díẹ̀. Tíṣà ká ìka tirẹ̀, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fi dán an wò. Ògiri dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kafilat ló gbé àga rẹ̀ lọ fún un nílé. Tíṣà ní wọn kò kọ́ òun débi yẹn.

Ọ̀rọ̀ dé etí Àtàndá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti garawa omi mẹ́fà ti wà níbẹ̀ kí Sìmbíátù tó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Sìmbíátù, ó sì tún dọ̀bálẹ̀ fún ògiri.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti dé."

"Ṣé ìwọ ò lẹ́nu ni?"

Àtàndá yíjú sí ògiri. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Omi rèé o. Ẹ mu àmuyó."

Ibikíbi tí Bàbá fi èédú sàmì sí, èépá rẹ̀ ń ṣí kí òòlù Àtàndá tó kàn án. Ó bomi rin ògiri títí omi fi ń ṣàn lára rẹ̀, ó rẹ́ ti iwájú, ó rẹ́ ti ọ̀tún, ó rẹ́ ti òsì, kò sì yé da omi sí wọn fún ọjọ́ méje. Sìmbíátù fi ìka ara rẹ̀ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì. Kì. Kì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá sìmẹ́ńtì wọn rẹ́. Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọn kì í dún mọ́. Ti ẹ̀yìn nìkan ló ń kàn.

Àtàndá gbé òòlù dé ẹ̀yìn ilé.

"Àtàndá, sinmi."

"Ìyá, ẹyọ kan ló kù. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, kí ẹ kó wọlé, kí oorun lè kùn mí."

"Mo mọ̀. Máa lọ sílé."

"Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kan ilẹ̀kùn yàrá kó tó wọlé tọ̀ mí wá? Kí ni n ó máa bẹ̀rù?"

Lọ́sàn-án, Sìmbíátù máa ń mú àpótí lọ síbẹ̀, á fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà mìíràn, á rántí àáfà àti láwàní, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá kàn, á ní, "Mo wà níbí, mo ń gbọ́."

Iyanrìn ṣì wà nílẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì méjì ṣì wà lábẹ́ tapólì. Wọn kò tíì rẹ́ ògiri ẹ̀yìn. Sìmbíátù kò tíì kó wọlé.